Aṣálẹ̀ Kì Í Ṣe Iyanrìn: Àgbéyẹ̀wò Èdè Tí A Fi Ń Kọ́ Ìmọ̀ Ilẹ̀ Ayé ní Yorùbá

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa léèrè pé, 'Aṣálẹ̀ wo ni ó tóbi jù lọ ní ayé?', Sàhárà ni yóò fi dá wa lóhùn. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan náà léèrè ní èdè tí ó fi ń ka ìwé ní ilé-ìwé rẹ̀ ní Toronto tàbí ní London, ó ṣeé ṣe kí ó rántí ohun tí olùkọ́ jọ́gíráfì sọ, kí ó sì dáhùn pé Antarctica ni. Ìdáhùn kejì yìí ni ó tọ̀nà. Antarctica fẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 kìlómítà níbùú lóròó. Sàhárà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 9. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, òtítọ́ yìí máa ń dún bí irọ́. Ta ni yóò gbọ́ pé ilẹ̀ tí yìnyín bò ni aṣálẹ̀ tí ó tóbi jù, tí kò ní fi ẹni tí ó sọ ọ́ rẹ́rìn-ín?

Àwọn kan yóò ní èdè ni kò tó. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Oríkì tí àwa olùkọ́ fún ọ̀rọ̀ náà ni kò tó. Nínú àwọn àtẹ ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbà lọ́wọ́ ara wa fún àwọn kíláàsì Yorùbá ní òkè òkun, ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé aṣálẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ gbígbóná tí iyanrìn bò, tí ràkúnmí ń gbé. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ṣèké. Àwòrán tí ó wà lọ́kàn gbogbo wa ni ó kọ sílẹ̀. Síbẹ̀, nínú ohun mẹ́ta tí ó kà, kò sí ọ̀kan tí ó sọ ilẹ̀ kan di aṣálẹ̀. Gobi, tí ó wà láàárín Mòǹgólíà àti Ṣáínà, máa ń tutù nígbà òtútù débi pé yìnyín máa ń bò ó, òkúta wẹ́wẹ́ àti àpáta ni ó sì pọ̀ níbẹ̀ ju iyanrìn lọ. Ràkúnmí wà níbẹ̀ lóòótọ́, èyí tí ó ní iké méjì, tí irun rẹ̀ nípọn nítorí òtútù.

Kí a tó tún oríkì náà ṣe, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ti gba iyanrìn wá. Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn ìwé atúmọ̀ èdè máa ń gbé ka iwájú wa fún irú ilẹ̀ yìí, aginjù àti aṣálẹ̀, bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ìbejì. Ènìyàn ni aginjù ń sọ nípa rẹ̀, tàbí kí a sọ pé àìsí ènìyàn: ibi tí kò sí ilé, tí kò sí oko, tí ọ̀nà kò là já, tí ọdẹ nìkan lè wọ̀. Igi lè dí níbẹ̀ kí oòrùn má ríbi wọlé. Ní etí àgbà Yorùbá kan tí kò tíì rí fíìmù rí, aginjù sún mọ́ igbó ńlá, irú èyí tí àwọn tí ó ka Fágúnwà mọ̀ dáadáa, ju bí ó ti sún mọ́ pápá iyanrìn lọ.

Bíbélì ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò níbẹ̀. Nígbà tí àwọn atúmọ̀ tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣíwájú wọn ń wá orúkọ fún ibi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti rìn kiri fún ogójì ọdún, aginjù ni wọ́n mú. Ijù ni wọ́n sì lò fún ibi tí Jòhánù ti ń wàásù ní Jùdíà. Odidi Bíbélì náà jáde ní 1884. N kò rí àléébù kankan nínú ohun tí wọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níwájú wọn ń sọ nípa ibi ìdánìkanwà. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò náà wá láti inú Látìn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibi tí a pa tì. Ènìyàn ni gbogbo wọn ń wò, wọn kò wo òjò. Nítorí náà, ìtumọ̀ aginjù ṣe déédéé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àwòrán ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wá fi iyanrìn kún un, tí sinimá sì parí iṣẹ́ náà.

Ohun tí ó mú mi sọ pé kí a má ṣe lo aginjù nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì ju ọ̀rọ̀ iyanrìn lọ. Ẹni tí ó pe Sàhárà ní aginjù ti sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn Tuareg àti àwọn Teda wà níbẹ̀, wọ́n sì ní orúkọ fún kànga àti òkè tí àwa ń pè ní ilẹ̀ òfìfo. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa di ìpalára nígbà tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ní Kalahari, wọ́n kó àwọn San kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn tí ó wà nínú ibi ìpamọ́ ẹranko, ó sì di 2006 kí ilé-ẹjọ́ gíga Botswana tó dájọ́ pé lílé tí wọ́n lé wọn kò bófin mu. Ẹ jẹ́ kí aginjù wà nínú ìtàn ọdẹ àti nínú Ìwé Mímọ́, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Aṣálẹ̀ ni mo fara mọ́. Ilẹ̀ ṣì ń dún nínú rẹ̀, ohun tí ó sì ń sọ ni pé ilẹ̀ náà ti ṣá, pé nǹkan kò fẹ́ hù níbẹ̀. Kò lé ẹnikẹ́ni kúrò. Ohun tí ó kù ni kí a gba iyanrìn lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú Sàhárà fúnra rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni iyanrìn bò. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ àpáta àti pápá òkúta wẹ́wẹ́ ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù, àwọn ará ibẹ̀ sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn: erg ni ti oníyanrìn, hamada ni ti alápàáta, reg ni ti òkúta wẹ́wẹ́. (Sàhárà náà, aṣálẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó sọ pé Aṣálẹ̀ Sàhárà ti sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Gbogbo ayé ni ó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.)

Oríkì tí mo fẹ́ kí a fi rọ́pò ti iyanrìn kò gùn: aṣálẹ̀ ni ilẹ̀ tí òjò àti yìnyín tí ń bọ́ sí i láàárín ọdún kan kò tó mílímítà 250. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sábà ń lò nìyẹn. Bí a bá gbé e lé Antarctica lórí, ọ̀rọ̀ yóò yé wa. Ní àárín gbùngbùn ibẹ̀, ohun tí ń bọ́ láti ojú ọ̀run lọ́dún, bí a bá yọ́ ọ di omi, kò tó mílímítà 50. Omi dídùn tí ó pọ̀ jù ní ayé wà níbẹ̀ ní dídì, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọdúnmọ́dún, ṣùgbọ́n èyí tí ń bọ̀ lọ́dọọdún kò tó nǹkan. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n kan náà lé Kalahari lórí, yóò yà wá lẹ́nu ní ọ̀nà mìíràn: ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ ń gba òjò ju mílímítà 250 lọ, koríko àti igi sì ń hù níbẹ̀. Orúkọ Kalahari, tí ó wá láti èdè Tswana, jẹ mọ́ òùngbẹ. Òùngbẹ náà jẹ́ òótọ́, nítorí iyanrìn ibẹ̀ ń fa òjò mu kí ó tó di odò. Ibi tí iyanrìn ti pọ̀ jù yìí wá ni aṣálẹ̀ ti dín kù jù!

Oríkì olójò yìí ni ó sì ń mú kí pínpín aṣálẹ̀ sí irú-irú nítumọ̀. Àwọn àtẹ wa máa ń to irú aṣálẹ̀ bí ẹni ń to orúkọ oṣù, láìsọ ìdí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ẹ̀yán orúkọ kọ̀ọ̀kan dáhùn: kí ni kò jẹ́ kí òjò dé? Ní ti Sàhárà, afẹ́fẹ́ tí ó sọ̀ kalẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ olómi gbígbóná ń gòkè ní agbègbè agbedeméjì ayé, ó ń tutù bí ó ti ń gòkè, omi inú rẹ̀ a sì di òjò níbẹ̀. Nígbà tí ó bá ṣí lọ sí àríwá, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀, ó ti gbẹ. Apá kan nínú ohun tí ó ń mú òjò rọ̀ ní igbó ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń mú Sàhárà gbẹ, mo sì rò pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò yẹ kí ó gbọ́ èyí.

Irú kejì ni ó ti fa àṣìṣe tí ó burú jù. Òkè gíga a máa dá afẹ́fẹ́ olómi dúró. Òjò a tú sí iwájú òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì gbẹ. Gẹ̀ẹ́sì fi òjìji ṣe àpèjúwe ẹ̀yìn yẹn, mo sì ti rí i tí a kọ ọ́ ní Yorùbá báyìí: òjìji òjò. Ní Yorùbá, ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń mú jáde ni òjìji. Ẹni tí ó bá gbọ́ òjìji òjò yóò rò pé ìṣú òjò ni, pé òjò ti fẹ́ dé, èyí tí ó yí ìtumọ̀ náà padà pátápátá. Aṣálẹ̀ ẹ̀yìn òkè ni ì bá dára, ọmọdé kò sì nílò àlàyé kí ó tó yé e. Ijù tí Jòhánù ti wàásù jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Afẹ́fẹ́ olómi ń wá láti Òkun Mẹditaréníà. Jerúsálẹ́mù tí ó wà lórí òkè ń gba òjò tí ó ju mílímítà 500 lọ lọ́dún, ṣùgbọ́n ní etí Òkun Òkú, tí kò jìnnà tó 40 kìlómítà sí ibẹ̀, kò tó 100.

Aṣálẹ̀ etí òkun ni ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù, nítorí pé omi wà níwájú rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Omi òkun tútù tí ń ṣàn kọjá lẹ́bàá Atacama ní Chile, àti èyí tí ń ṣàn kọjá lẹ́bàá Namib, ń mú afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀ tutù, kò sì lè gòkè di òjò. Kùrukùru nìkan ni ó ń wọ ilẹ̀. Àwọn ará àríwá Chile ti ta àwọ̀n sí ojú ọ̀nà kùrukùru náà kí wọ́n lè gbọn omi rẹ̀ mu. Ní ti Gobi, jíjìnnà sí òkun àti òkè tí ó yí i ká ni ó pawọ́ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ó dúró nítòsí aṣálẹ̀ nínú àtẹ. Àkọ́kọ́ ni ọ̀dá, tí àwọn kan ń lò bí ẹnikejì aṣálẹ̀. Ọ̀dá a máa wá, a sì máa lọ; aṣálẹ̀ kì í retí òjò tó bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ọyẹ́, tí mo ti rí i tí a túmọ̀ sí ìgbà òtútù lásán, tí a sì fi eruku sílẹ̀. Eruku yẹn ni Sàhárà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dìde láti Bodélé ní Chad, ìsàlẹ̀ adágún kan tí ó ti gbẹ, ó sì ń dé Èkó àti Ìbàdàn láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì. Kò dúró síbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àríwá ayé, eruku Sàhárà ń gba orí Òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Kúbà, èyí tí ó ré kọjá ní oṣù Kẹfà 2020 sì pọ̀ débi pé ojú ọ̀run ṣókùnkùn ní ọ̀pọ̀ erékùṣù Kàríbíánì. Olùkọ́ tí ó wà ní Havana kò nílò àwòrán ràkúnmí kankan.

Títí dé ibí yìí, orúkọ irú ilẹ̀ ni mo ń sọ. Nígbà tí aṣálẹ̀ bá fún orílẹ̀-èdè lórúkọ, ìṣòro náà yí padà. Ìtọ́ka lásán ni àwọn amúnisìn fi pe Nàmíbíà: Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1968, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba orúkọ Nàmíbíà, tí ó ti ara Namib jáde, ilẹ̀ náà sì gba òmìnira ní 1990. Àwọn orúkọ ìtọ́ka tí ó ṣẹ́kù ni ó ń da Yorùbá wa rú. Gúúsù Áfíríkà lè jẹ́ orílẹ̀-èdè kan, ó sì lè jẹ́ gbogbo apá ìsàlẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́tà ńlá nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, etí kì í sì í gbọ́ lẹ́tà ńlá. Apá gúúsù Áfíríkà ni mo máa ń sọ fún èkejì.

Èyí tí ó le jù ni Sàhárà Ìwọ̀-Oòrùn. Sípéènì ni ó mú un sìn. Mòrókò sọ pé tirẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ Polisario kéde orílẹ̀-èdè olómìnira níbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 1976, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sì kà á mọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Láti 1963 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ilẹ̀ tí kò tíì máa ṣàkóso ara wọn. Nínú Yorùbá tí a fi ń kọ jọ́gíráfì, ó ti di àṣà kí ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣáájú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ orílẹ̀-èdè, a ti dájọ́ fún Polisario. Bí a bá kọ ìpínlẹ̀, a ti dá a fún Mòrókò. Nínú àtẹ kan tí mo yẹ̀ wò, wọ́n sá fún méjèèjì, wọ́n sì yọ ilẹ̀ náà kúrò, bí ẹni pé kò sí ohun kankan láàárín Mòrókò àti Mọriténíà. Agbègbè ni èmi yóò kọ, màá sì fi gbólóhùn kan sọ ohun tí àwọn tí ọ̀ràn kàn ń wí. Olùkọ́ kan sọ fún mi pé ìyẹn ti pọ̀ jù fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá náà ni ó wo máàpù, tí ó sì béèrè ìdí tí ìlà ibẹ̀ fi já sí wẹ́wẹ́ nígbà tí ti àwọn yòókù gún régé.