Ọjọ́ Iwájú Tí Wọ́n Yà Fún Wa

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: ara àwọn tí wọ́n ń pè ní "bàbá kọ̀ǹpútà" ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mí. Fíìmù tí rọ́bọ́ọ̀tì bá ti wà nínú ẹ̀, màá wò ó parí, kódà bí ìdánwò bá ku ọ̀la. Nítorí náà, èrò ọkàn tèmi lẹ fẹ́ kà yìí o, kì í ṣe ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí kò bá gbà, kó kọ tiẹ̀ wá fún ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe fíìmù ọjọ́ iwájú mọ mọ́tò yà, wọn ò mọ èèyàn yà.

Ẹ mú Back to the Future Part II tó jáde ní 1989. Wọ́n ní tó bá máa fi di October 21, 2015, mọ́tò á máa fò, ọmọdé á máa gun pátákó tí kò kan ilẹ̀. Ọjọ́ náà pé, ó kọjá, ẹsẹ̀ wa ṣì ń gbá erùpẹ̀. Ìyẹn ò bí mi nínú. Iṣẹ́ fíìmù kọ́ ni àsọtẹ́lẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nínú ayé tí mọ́tò ti ń fò yẹn, ẹ̀rọ fax ni wọ́n fi lé Marty lẹ́nu iṣẹ́!

Blade Runner ti 1982 náà jìn sí irú kòtò yẹn. Los Angeles ọdún 2019 ni wọ́n gbé e kà. Wọ́n ti mọ èèyàn àtọwọ́dá ṣe débi pé àyẹ̀wò ojú ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, síbẹ̀ nígbà tí Deckard fẹ́ pe obìnrin tó wù ú, fóònù ara ògiri ló lọ pè é. Kò sẹ́ni tó ro ti fóònù inú àpò. Ṣùgbọ́n mo dárí ji fíìmù yìí, torí Roy Batty. Ọdún mẹ́rin péré ni wọ́n fún un láyé. Ó wá ẹni tó ṣe é lọ, ó ní kó fi ọjọ́ kún ọjọ́ òun. Ìyẹn ní kò ṣeé ṣe. Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ orí àti àkúnlẹ̀yàn rí, ṣé ó tún nílò kí wọ́n túmọ̀ ìyẹn fún un?

Ká tó dé ìdí tẹlifíṣàn, ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ géèmù díẹ̀. SimCity, tí Will Wright ṣe, jáde ní 1989. Ìwọ ni olórí ìlú: o máa la títì, o máa kọ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná, o máa fa wáyà. Àdúgbò tí iná ò bá dé, kò ní gbèrú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí òfin yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Èèyàn á kọ́lé, á kó wọlé, á bímọ síbẹ̀, kí òpó iná tó dé. Ládùúgbò míì, àwọn onílé ló ń dáwó ra òpó àti wáyà fúnra wọn. Géèmù náà dáa o, mo ṣì ń gbá a. Àmọ́ ó kọ́ mi lọ́gbọ́n kan: òfin inú géèmù, èrò ẹni tó ṣe é ni. Ẹni tó bá ya ọjọ́ iwájú, ìlú tiẹ̀ ló ń yà.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí Iwájú jáde lórí Disney+ ní 2024. Kugali ló bá Disney ṣe é. Ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Ùgáńdà kan ló dá Kugali sílẹ̀. Ní 2019 wọ́n fọ́nnu fún BBC pé àwọn máa na Disney. Disney gbọ́, kò bínú, ó ní kí wọ́n máa bọ̀. Olúfikáyọ̀ Adéọlá ló darí ẹ̀, apá mẹ́fà péré.

Níbí, wọ́n mọ ìlú yà. Èkó ni, kò ṣeé ṣì mọ̀. Mọ́tò ń fò, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé fò? Àwọn olówó Island ni. Ẹ̀rọ tuntun dé, ọ̀sà ṣì wà láàárín olówó àti tálákà. Fíìmù òyìnbó wo ló mọ ìyẹn?

Síbẹ̀ mo ní ẹjọ́ méjì. Èkíní: Túndé, bàbá Tọlá, ṣe alángbá rọ́bọ́ọ̀tì kan, Otin, fún ọmọ ẹ̀, kó máa ṣọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé tí Bọ̀dé jẹ́ ọ̀gá wọn. Ó dáa. Kọ́lé ńkọ́, ọ̀rẹ́ Tọlá, ọmọ Mainland tóun náà mọ ẹ̀rọ dénú? Alángbá wo ló ń ṣọ́ tiẹ̀? Ìtàn náà sún mọ́ ìbéèrè yìí, ó wá fò ó kọjá bíi mọ́tò Island.

Ẹjọ́ kejì, àbúrò mi ló dá a. A ń wò ó lọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọn ò ní sọ Yorùbá mọ́ tó bá dìgbà yẹn ni?" Torí Gẹ̀ẹ́sì ló gba gbogbo ẹnu wọn, bẹ́ẹ̀ orúkọ fíìmù náà, Yorùbá ni. Mo mọ̀ pé gbogbo ayé ni Disney ń tajà fún. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn.

Orúkọ méjì ni Yorùbá ní fún ohun kan yìí: ọjọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀la. Iwájú ni mọ́tò ń fò lọ. Ẹ̀yìn ni ká ti wo àwọn tó ṣẹ́kù nílẹ̀, àti èdè tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ìdajì iṣẹ́ ni fíìmù tó bá wo ẹyọ kan ṣe.

Máàkì mi nìyí: Back to the Future Part II, mẹ́fà nínú mẹ́wàá, Blade Runner, mẹ́sàn-án, SimCity, méje, Iwájú, méje àti ààbọ̀. Tí wọ́n bá fi Yorùbá ṣe èyí tó kàn, màá fi kún un. Àbúrò mi ṣì ń retí èsì.