Ìlù tí Àtẹ́lẹwọ́ Ń Gbọ́

Ó ti pẹ́ tí etí bàbá mi ti dí. Onílù ni wọ́n, ìyáálù ni wọ́n sì fi gbogbo ayé wọn lù. Bí a bá ń wo fíìmù, tí onílù sì jáde, ojú wọn kì í kúrò lára ọ̀pá ìlù rẹ̀. Wọn a máa fi ìka lu orúnkún, wọn a tún dáwọ́ dúró, nítorí kámẹ́rà kì í sábà fi ọwọ́ tó ń fún ọṣán hàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ìlù wà.

Nítorí wọn ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ yìí: kí fíìmù máa lọ lórí láptọ́ọ̀pù, kí ohun mìíràn tó wà lóde rẹ̀ sì máa bá a rìn ní ẹsẹ̀ kan náà.

Extension ló so wọ́n pọ̀, ètò kékeré kan tí mo kọ tí mo sì fi kún Chrome. Kò wo àwòrán rárá. Aago fíìmù ló ń wò, ìyẹn ibi tí fíìmù dé gan-an. Ó sàn bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ fíìmù tí à ń sanwó wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti tì pa: ètò tó bá fẹ́ ya àwòrán inú rẹ̀, òkùnkùn ló máa bá. Aago ni wọn kì í tì. Extension á fi Wi-Fi ilé gbé aago náà fún ESP32, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré bí ìka méjì, tó wà lábẹ́ pákó tí bàbá mi ń gbọ́wọ́ lé. Sípíkà tí mo tú lára rédíò àtijọ́ ló ń mi pákó náà. Mọ́tò inú fóònù ni mo kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n ó ní láti yí kó tó gbọ̀n, nítorí náà ó ń pẹ́ lẹ́yìn, ìró kan ṣoṣo ló sì mọ̀. Ìlù wa kì í ṣe ti ìró kan.

Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999 ni mo kọ́kọ́ mú, nítorí ìlù ló di ìtàn náà mú. Mo rò pé ètò lè fúnra rẹ̀ ya ìlù sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹnu. Kò rí i yà. Dùndún àti ènìyàn jọ ń gbé inú ohùn kan náà ni. Bí òṣèré bá ti lanu, pákó á gbọ̀n. Ni mo bá jókòó tì í, mo dín eré fíìmù kù sí ìdajì, mo sì ń tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí ọ̀pá bá kan awọ, kí ètò lè kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀ fún pákó láti lù. Bọ́tìnnì mẹ́ta ni: ohùn òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré gba odindi alẹ́ méjì lọ́wọ́ mi, n kò sì tíì ṣe iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú ilé onílù ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ìgbà yẹn ni mo tó mọ iye ìgbà tí ọ̀pá ń kan awọ kí ọ̀rọ̀ kan tó parí.

Lọ́jọ́ tí a dán an wò, bàbá mi gbọ́wọ́ lé pákó, wọ́n sì gbé e kúrò kíá.

"Ìlù kì í dún kí ọ̀pá tó kàn án."

Òótọ́ ni. Mo ti mú kí ìlù ṣáájú àwòrán díẹ̀ nítorí pé mo rò pé Wi-Fi máa fà á sẹ́yìn, mo sì mú un ṣáájú jù. Àjọ ITU, tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lágbàáyé, sọ pé bí ohùn bá fi mílísẹ́kọ́ǹdì 45 ṣáájú àwòrán, ènìyàn á ti fura. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló wà, ó di 125. Ẹni tó bá ń la igi lókèèrè, àáké á ti balẹ̀ kí a tó gbọ́ ọ. Ó ti mọ́ wa lára kí ohùn kẹ́yìn, kò mọ́ wa lára kó ṣáájú.

Kí n má baà máa méfò bí Wi-Fi ti ń pẹ́ tó, mo wá lo ọgbọ́n tí David Mills fi sínú ètò NTP, tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá aago ara wọn mu, ní 1985. Extension á bi ESP32 pé kí ni aago wí, á wo bí ìdáhùn ti pẹ́ tó ní àlọ àti àbọ̀, á sì pín in sí méjì. Ìgbà mẹ́wàá ló ń bi í, èyí tó yá jù ni mo ń gbà gbọ́.

Nǹkan mìíràn tún kù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú lálẹ́ ọjọ́ kan, àwòrán dúró gbagidi, pákó sì ń lu ìlù lọ lábẹ́ ọwọ́ àgbàlagbà. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, bí ESP32 kò bá gbúròó extension fún ìdajì sẹ́kọ́ǹdì, ó gbọ́dọ̀ dákẹ́. Bí ìpolówó ọjà bá sì já lu fíìmù, òun náà á dákẹ́, nítorí aago ìpolówó kì í ṣe aago tiwa.

Ohùn mẹ́ta yẹn ló gba sùúrù jù. Gbígbọ̀n tó tó 250 ní sẹ́kọ́ǹdì kan ni awọ ara ènìyàn ń mọ̀ jù lọ, nítorí náà mo fi ohùn òkè síbẹ̀, mo sì jẹ́ kí àárín àti ìsàlẹ̀ jìnnà sí i dáadáa kí ọwọ́ má baà kó wọn pọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi fídíò kúkúrú kan hàn wọ́n, onílù kan ló ń kí ọba níwájú ààfin. Ọ̀pá kan awọ lẹ́ẹ̀mẹrin: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Bàbá mi kò wo láptọ́ọ̀pù. Wọ́n ti di ojú.

"Ká-bí-yè-sí," ni wọ́n wí, lóhùn jẹ́jẹ́.

Wọ́n ní kí n dá a padà. Mo fa fídíò sẹ́yìn, pákó náà sì bá a padà.