Ọmọ Ọ̀dọ̀ Tí Kò Lórúkọ Nínú Ìtàn Náámánì

Nínú ọ̀pọ̀ ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 5, Náámánì ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ìgbàgbọ́. Wọ́n á ní ẹ wo bó ṣe ri ara rẹ̀ bọ odò Jọ́dánì lẹ́ẹ̀méje. Mi ò ní wọ́n purọ́ o. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wo bí ẹni tó kọ ìtàn náà ṣe ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀, ibòmíràn ló ń tọ́ka sí.

Ẹ wo àwọn tó wà nípò ná. Náámánì, olórí ogun Síríà, ń bínú pé wòlíì kò jáde wá pàdé òun. Ọba Ísírẹ́lì ka lẹ́tà tán, ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó ní ìjà ni wọ́n ń wá. Ta ló wá nígbàgbọ́? Ọmọdébìnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú, tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún ìyàwó Náámánì. Wọn ò dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ. Kò wàásù, kò pàṣẹ. Ó kàn ní ká ní ọ̀gá òun lè dé ọ̀dọ̀ wòlíì tó wà ní Samáríà ni, ara rẹ̀ ì bá yá. Ìyá ilé ló sì bá sọ ọ́, kì í ṣe ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ìbínú fẹ́ gbé Náámánì padà sílé, àwọn ìránṣẹ́ ló tún pẹ̀tù sí i nínú. Àwọn náà kò lórúkọ. Bàbá ni wọ́n pè é nínú èdè Hébérù gan-an. Kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Yorùbá: ẹni tó kéré tó fẹ́ yí àgbà lérò padà, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń sọ ọ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Na'arah qetannah ni Hébérù pe ọmọ náà, ìyẹn ọmọdébìnrin kékeré. Nígbà tí Náámánì jáde nínú odò, ara rẹ̀ dà bíi ti na'ar qaton, ọmọdékùnrin kékeré. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, akọ àti abo ló yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ènìyàn ńlá ni wọ́n pe ọkùnrin yìí níbẹ̀rẹ̀ orí náà. Ìwòsàn sọ ẹni ńlá di ẹgbẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ipò ìránṣẹ́ ló ń bí ìgbàgbọ́. Ìránṣẹ́ ni Géhásì, ó tún lórúkọ, ọ̀dọ̀ wòlíì gan-an ló wà. Ojúkòkòrò ló jẹ́ kí ẹ̀tẹ̀ Náámánì di tirẹ̀.

Àríwísí mi ni pé àwọn kan máa ń fi ọmọ yìí kọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ pé kó gba kádàrá. Ìtàn náà kò sọ pé inú rẹ̀ dùn sí ìgbèkùn. Tálẹ́ńtì fàdákà 10, wúrà 6,000 àti ìpààrọ̀ aṣọ 10 ni Náámánì gbé lọ láti fi dúpẹ́. A kò gbọ́ pé ó dá ọmọ náà sílẹ̀. Ohun tí a rí ni pé ẹni tí wọ́n ṣe níbi fẹ́ ire fún ẹni tó mú un lẹ́rú. Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nìyẹn, àmọ́ ọ̀gá ló kọ́kọ́ yẹ kó kọ́ ọ.

Ọmọ ọ̀dọ̀ wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ó ń gbọ́ àdúrà wa láràárọ̀. Ṣé a ti gbọ́ tirẹ̀ rí?