Ojúmọmọ gẹ́gẹ́ bí Orísun Ìfòyà nínú 28 Days Later

Èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé òkùnkùn ni fíìmù abanilẹ́rù fi ń kó òǹwòran láyà sókè. Fíìmù 28 Days Later (2002), tí Danny Boyle darí, tí Anthony Dod Mantle sì jẹ́ ayàwòrán rẹ̀, tako èrò yìí. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí Jim jáde láti ilé ìwòsàn. Kámẹ́rà takété sí i lórí afárá Westminster, ó sì sọ ọ́ di bíńtín láàrin Lọ́ńdọ̀nù tí ó dá páropáro. A ń rí ohun gbogbo, a kò rí ènìyàn. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀rù ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìyára tí ojú kámẹ́rà fi ń ṣí, tí ó fi ń pa dé, ni ó gé ìgbésẹ̀ àwọn tí àrùn sọ di ẹhànnà sí wẹ́wẹ́. Ojú wa kò lè bá wọn.

Ó ṣeni láàánú pé òkùnkùn àti òjò ni fíìmù náà padà gbára lé nínú ilé àwọn ọmọ ogun. Ẹ̀rù ibẹ̀ kò ṣàjèjì mọ́. Ó yẹ kí alámèyítọ́ máa bèèrè ohun tí ìmọ́lẹ̀ fi hàn pé kò sí mọ́, bí ó ti ń bèèrè ohun tí òkùnkùn fi pamọ́.