Ewú Lórí Àrẹ̀mọ

Àwa tí à ń kọ ìtàn ìfẹ́ láàárín ọmọ ọlọ́lá àti ọmọ mẹ̀kúnnù mọ ọ̀nà àbùjá kan dáadáa. Bí bàbá ọmọ bá kọ̀ jálẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì dójú ẹ̀, a ó ṣí aṣọ lójú eégún: àṣé ọmọ ọba ni tálákà náà, wọ́n gbé e sọnù ní kékeré ni. Ìlù yóò dún, ìyàwó yóò wọlé. Òfin tó ya olówó sọ́tọ̀ kò yẹ̀ níbì kankan. Ẹnì kan ṣoṣo la kàn yọ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Nínú Children of Blood and Bone, tó jáde ní 2018, Tomi Adeyemi yí ọgbọ́n yìí sódì. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìwé náà, àmọ́ Yorùbá ni ọfọ̀ inú rẹ̀. Amẹ́ríkà ni àwọn òbí rẹ̀ ọmọ Nàìjíríà bí i sí, Salvador ní Brazil ni àwọn òrìṣà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ilẹ̀ àròsọ kan tó pè ní Orïsha ló fi ṣe ibùdó ìtàn. (Ìlọrin tirẹ̀ ń léfòó lórí òkun! Ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀.)

Níbẹ̀, ewú ni wọ́n fi ń bí àwọn ọmọ tí agbára òrìṣà wà lẹ́jẹ̀ wọn. Ọba Saran ti pa àwọn àgbà wọn, ó sì gbé owó orí lé àwọn ọmọ. Ẹni tí kò bá rí i san, iṣẹ́ ẹrú ló ń lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Zélie, ọmọ apẹja. Inan, àrẹ̀mọ Saran, ló ń lépa rẹ̀. Àfi bí ewú ṣe hù lórí Inan náà.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́! Tálákà kò di ọmọ ọba. Ọmọ ọba ló di irú ẹni tí bàbá rẹ̀ ń pa. Inú ara rẹ̀ ni èèwọ̀ náà ń gbé báyìí, bó sì ṣe ń fi ewú pa mọ́ ló ń kórìíra ara rẹ̀. Agbára tó kórìíra yìí gan-an ló sì ṣílẹ̀kùn ayé àlá tí òun àti Zélie ti ń ríra láìsí ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí kò tíì kà á kó fojú fo ìlà tó kàn: nígbà tí Saran fojú rí agbára náà lára ọmọ rẹ̀, idà ló fi gún un.

Zélie, Inan àti Amari àbúrò rẹ̀ ló ń fẹnu ara wọn sọ̀tàn, orí kan fún ẹnì kan. Ká ní Zélie nìkan ló ń sọ ọ́ ni, ìkà arẹwà lásán ni Inan ì bá jẹ́ lójú wa.

Síbẹ̀, ti Amari àti Binta ló dùn mí jù. Ìránṣẹ́ ni Binta, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí Amari ní láàfin. Saran pa á lójú Amari, ọmọbìnrin tí kì í gbóhùn sókè yìí sì jí ìwé kíká tó ń jí agbára dìde, ó sá lọ. Adeyemi kò pe èyí ní ìtàn ìfẹ́, bẹ́ẹ̀ ó lágbára ju ìfẹnukonu èyíkéyìí nínú ìwé náà lọ.

Ibi kan ni mo ti bá a jà. Ọmọ ogun Inan ló dáná sun Ìlọrin, ilé Zélie. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkàn Zélie fi rọ̀ sí Inan. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá jẹ́ kí wọ́n jà títí ìwé náà yóò fi parí.