Píà, Tòmátò àti Omi Ọsàn Wẹ́wẹ́

Láti ọjà ni iṣẹ́ ẹni tó mọ sàláàdì píà ṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Á gbé èso náà sí àtẹ́lẹwọ́, á rọra tẹ̀ ẹ́ wò. Píà kì í rọ̀ lórí igi. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá já a ló ń rọ̀. Bó bá ṣì le, wọn á fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kó lè tètè rọ̀.

Tòmátò ló kàn. Wọn á gé e, wọn á wọ́n iyọ̀ sí i, wọn á fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10. Omi tí iyọ̀ bá fà jáde kò ṣeé dànù rárá: adùn ni.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ló wá ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń gé ọ̀rá píà lẹ́nu, kíkan rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ara píà tètè dúdú bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Ní Kuba, píà, àlùbọ́sà, òróró àti omi ọsàn ti tó sàláàdì.

Píà ló ń wọ abọ́ kẹ́yìn. Ṣíbí á yí i lẹ́ẹ̀mejì péré, kó má baà di ẹ̀kọ.