Títún Orin Gìtá Àtijọ́ Ta Nínú Ilé: Kí Ni A Gbọ́ Nínú Àwo?

Ní ọdún 1929, ẹgbẹ́ eléré kan tí a mọ̀ sí West African Instrumental Quintet gba orin sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Àwọn orin bíi “Tin Ka Tin Ka” àti “Adersu” wà lára iṣẹ́ wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú wọn; ohun èlò olókùn àti ohun èlò tí a ń lù ni ó gba gbogbo ojú àwo. Lónìí, ẹni tí ó bá ní gìtá àti fóònù, ì báà jẹ́ ní Kòmu ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, lè tún irú orin bẹ́ẹ̀ ta kí ó sì gbà á sílẹ̀ nínú iyàrá rẹ̀. Èrò wa ni pé irú àtúnta bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ lámèyítọ́ fúnra rẹ̀: ó ń sọ ohun tí ẹni náà gbọ́ nínú àwo, ó sì yẹ kí a fi ìyẹn wọ̀n ọ́n.

Ahunṣọ Ìsẹ́yìn tí a gbé ògbólógbòó aṣọ òkè fún pé kí ó hun irú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ka òwú. Yóò wo bí àwọ̀ ṣe ń tẹ̀lé àwọ̀, àti ibi tí ọnà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í hun àbàwọ́n epo mọ́ aṣọ tuntun. Àwọn kan tí ń tún orin àtijọ́ ta a máa fi kọ̀ǹpútà da ìró híhá àwo lé orí gìtá kí ó lè dún bí ti ayé àtijọ́. Ìró yẹn kò sí lára ohun tí àwọn eléré 1929 ta. Ọjọ́ orí ni ó fi sí àwo. Ẹni tí ó bá tún un ṣe ti hun àbàwọ́n.

Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà lára àwo tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Àwo ínǹṣì 10 tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ lójú kan. Ibi tí orin parí sí lè jẹ́ ibi tí àyè tán. Etí tí òde ìgbéyàwó Òkè-Ògùn ti mọ́ lára, níbi tí ìlù kan lè lọ títí di òru, yóò fẹ́ kí orin náà máa lọ. Ó lè jẹ́ kí ó lọ, ó sì lè dá a dúró. Ìtumọ̀ ni méjèèjì. Bákan náà ni ìyára: bí a bá yí àwo tí a gbà ní ìgbà 78 ní ìgbà 80, ohùn yóò gòkè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àlàfo tí ó wà láàárín irin méjì ní ọrùn gìtá. Kí a tó sọ pé àwọn àgbà fa okùn wọn lọ́nà àràmàǹdà, ẹ jẹ́ kí a wọn ìyára àwo ná.

Èyí tí ó le jù fún etí Yorùbá ni ọ̀rọ̀. Ìlù dùndún ti kọ́ wa pé ohùn kì í dún lásán, nítorí náà ni a fi ń bi gìtá pé, “Kí ni ó ń sọ?” Ṣùgbọ́n re-mí lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ owó, ó sì lè jẹ́ ewé. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni orúkọ ẹgbẹ́ náà dá, kò dá Yorùbá. Bí a bá fi gbólóhùn Yorùbá sí i lẹ́nu, a ti sọ ọ́ di tiwa láìsí ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá ń wá bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe bá gìtá rìn ní ìgbà náà ní Domingo Justus, tí òun náà kọrin sínú àwo Zonophone ní àwọn ọdún 1920. Ibẹ̀ ni kí ó ti kọ́gbọ́n.

Ìṣòro mìíràn tún wà nínú iyàrá. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ta gbogbo ipa, ọ̀kan lórí èkejì. Nínú dùndún, omele ń gbọ́ ìyáàlù, ìyáàlù náà sì ń gbọ́ omele. Ipa gìtá tí a kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ kò lè dá èyí tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lóhùn. Ó sàn kí ènìyàn méjì jókòó ti fóònù kan, kí orin náà sì ní àṣìta díẹ̀, ju kí ẹnì kan máa dá ara rẹ̀ lóhùn láìkùnà.

Ní ìparí, ta ni ó ni ín? Ní 1928, Kumasi Trio gba “Yaa Amponsah” sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Paul Simon lo orin náà nínú “Spirit Voices” ní 1990, ọ̀rọ̀ owó tí ó tọ́ sí Gánà dìde. Àgbàsílẹ̀ Kòmu lè má mú kọ́bọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n gbèsè orúkọ wà lọ́rùn rẹ̀. Kí ó dárúkọ ẹgbẹ́ náà, ọdún náà àti ilé-iṣẹ́ náà; kí ó sọ ohun tí ó fi kún un àti ohun tí ó yọ. Nígbà náà ni olùgbọ́ yóò lè padà sí àwo 1929, tí yóò sì fi etí ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́.